ÌLERA ÌDÍLÉ: Oògùn Ọkàn Tí Ń Lù Ségesège

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe gbogbo ilé jọ kí ẹ tó kà á, nítorí pé kò sí ilé tí kò lè kàn.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa, ẹni ọdún 63 ni. Ó ti fún wa láyè láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ìyá yìí máa ń sọ pé àyà òun ń já, pé nígbà mìíràn ó dà bí ẹni pé ẹyẹ kan há sí òun láyà tí ó ń ju apá. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé, àfi kí ó jókòó kí ó tó lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ ECG ya àwòrán bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, dókítà sì sọ fún un pé ọkàn náà ń lù ségesège. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n kọ fún un.

Láàrin oṣù méjì, ara Ìyá ti le. Ó ń ná ọjà, ó ń wá sí ìsìn òru, ó ń jó. Nígbà tí ó ṣe, ó kó gbogbo oògùn náà sínú àpò ọ̀rá, ó fi há orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún nígbà tí n kò ṣàìsàn mọ́?" Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn èyí, bí ó ti ń ro àmàlà lọ́wọ́, omorogùn bọ́ kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. A dúpẹ́ pé ó wà láàyè, ó sì ń fi ọ̀pá rìn wá sí ilé ìjọsìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò tí ì lè di omorogùn mú títí di òní.

A kò sọ èyí láti bá Ìyá wí. Ohun tí ó ṣe náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. A máa ń ka oògùn sí ohun tí ènìyàn ń lò títí ara yóò fi yá, bí ara bá sì ti yá, oògùn parí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹ̀fọ́rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọkàn tí ń lù ségesège, a ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ọkàn tí à ń wí níhìn-ín kì í ṣe ọkàn tí a fi ń ronú tàbí tí a fi ń gbàgbọ́ o. Ẹran ara kan ni, tí ó tóbi tó ìkúùkù ènìyàn, tí ó wà nínú àyà, tí ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Yàrá mẹ́rin ni ó ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ní yàrá òkè ti apá ọ̀tún, ojú kan wà tí iná kékeré ti ń ṣẹ́ jáde, bí iná mànàmáná, iná yìí ni ó sì ń sọ fún gbogbo ọkàn pé ó tó àkókò láti lù. Ẹ jẹ́ kí a pe ojú náà ní ìyá ìlù. Bí ó bá ti dún, àwọn ìlù yòókù a gbè é. Nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́jẹ́, ọkàn rẹ̀ yẹ kí ó máa lù láàrin ìgbà 60 sí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń lù ní ìgbà 70, láàrin wákàtí 24 yóò ti lù ju ìgbà 100,000 lọ, kò sì sí ìsinmi ọjọ́ kan fún un láti ìgbà tí a ti wà nínú oyún.

Oríṣiríṣi ni ségesège ọkàn. Òmíràn ń lù jù, òmíràn ń lù díẹ̀ jù. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí ó le, tí ó sì mú Ìyá wa yìí, ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní atrial fibrillation. Nínú èyí, ìyá ìlù kò ríbi sọ̀rọ̀ mọ́. Iná ń ṣẹ́ níbi gbogbo nínú yàrá òkè méjèèjì, wọn kò sì lù mọ́, ńṣe ni wọ́n ń gbọ̀n bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú lè fà á. Gẹ̀gẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ jù lè fà á. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀fun dídùn ìgbà èwe tí ó ba ilẹ̀kùn àárín yàrá ọkàn jẹ́ wà lára ohun tí ó sábà máa ń fà á, àní lára àwọn tí kò tí ì dàgbà púpọ̀ pàápàá.

Ẹ wá wo ibi tí ewu wà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá rìn dáadáa a máa dì. Nígbà tí yàrá òkè bá ń gbọ̀n dípò kí ó lù, ẹ̀jẹ̀ a dúró sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, a sì di bí ògì tí ó sùn. Bí ègé kan bá já kúrò níbẹ̀ tí ó bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sínú ọpọlọ, ó di rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé ewu rọpárọsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 5 lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n báyìí.

Nítorí náà, nínú oògùn mẹ́ta tí Ìyá gbà, méjì ń dín eré ọkàn kù, àwọn ni wọ́n lé ẹyẹ inú àyà rẹ̀ lọ. Ìkẹta kò ṣe ohunkóhun tí Ìyá lè fi ara mọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ara Ìyá yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá òkè ṣì ń gbọ̀n, òun ni kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Oògùn tí ó kà sí aláìwúlò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dúró láàrin òun àti rọpárọsẹ̀.

Bóyá ẹ ó fẹ́ mọ bí a ṣe rí oògùn fún irú àìsàn yìí. Ìtàn náà kò jìnnà sí ilé wa bí ẹ ti rò, nítorí pé láti ara kuníìnì ni ọ̀kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀, kuníìnì kíkorò tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà. Ní 1912, oníṣòwò ará Họ́láńdì kan lọ bá dókítà ọkàn tí ń jẹ́ Karel Wenckebach. Ó ṣàlàyé pé oníṣòwò ni òun, ètò ni òun fi ń ṣe nǹkan òun, òun sì fẹ́ kí ètò wà nínú ọ̀rọ̀ ọkàn òun pẹ̀lú. Dókítà ní òun kò lè ṣe ìlérí kankan. Ọkùnrin náà ní kò burú, òun mọ ohun tí òun ń ṣe sí i, àti pé ní òwúrọ̀ ọ̀la òun yóò padà wá pẹ̀lú ọkàn tí ń lù déédéé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Kuníìnì tí ó tó gíráàmù 1 ni ó gbé mì. Láti ilẹ̀ tí ibà ti pọ̀ ni a ti ń lo kuníìnì fún gbogbo àìsàn nígbà náà, bí a ti ń lo àwọn oògùn ara ríro lónìí, ibẹ̀ ni ó ti ṣèèṣì rí i pé ó ń dá ọkàn òun padà sípò.

Wenckebach kọ èyí sílẹ̀ ní 1914. Ní 1918, Walter Frey ní ilẹ̀ Jámánì dán àwọn oògùn tí ó jáde láti inú èèpo igi cinchona kan náà wò, ó sì rí i pé quinidine, àbúrò kuníìnì, ni ó dára jù fún ọkàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni àwọn dókítà gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lò ó, àwọn aláìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lójijì, àwọn mìíràn kò sì jí mọ́. Ó pẹ́ kí ó tó yé àwọn oníṣègùn pé oògùn tí ń tún ìlù ọkàn ṣe náà ni ó ń dà á rú. Lónìí wọn kì í sábà lò ó mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa má ṣe gbọ́ ìtàn oníṣòwò yìí kí ó wá lọ ra kuníìnì fún àyà jíjá o. Ó rí ore gbà, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni ó fi ṣeré.

Ohun tí ó tún ya àwọn dókítà lẹ́nu ju èyí lọ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó ti ní ìkọlù ọkàn, tí gbogbo ayé ń pè ní háàtì àtáàkì, ìlù tí kò yẹ máa ń yọ sí àárín ìlù ọkàn wọn, a sì mọ̀ pé àwọn tí èyí bá pọ̀ lára wọn a máa kú ju àwọn yòókù lọ. Gbogbo ènìyàn gbà pé bí a bá fi oògùn pa ìlù àfikún yìí, ikú yóò dín kù. Oògùn méjì, encainide àti flecainide, ń pa á dáadáa, a sì ti ń kọ wọ́n fún ènìyàn. Nígbà náà ni àwọn kan sọ pé kí a dán an wò ní tòótọ́. Wọ́n mú aláìsàn 1,498. Wọ́n fún 755 ní ọ̀kan nínú oògùn méjèèjì, wọ́n sì fún 743 ní hóró tí kò ní oògùn nínú, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń lò. Ní 1989, kí ìwádìí náà tó parí, wọ́n dá a dúró kíákíá, nítorí pé àwọn tí ń lo oògùn ni wọ́n ń kú jù. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, ènìyàn 63 ni ó kú nínú àwọn tí ó lo oògùn, 26 nínú àwọn tí kò lò ó. Àwòrán ECG wọn mọ́ tónítóní, ẹ̀mí wọn sì ń lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn dókítà ti ń fi ọgbọ́n yan ẹni tí wọ́n ń fún ní oògùn ọkàn. Flecainide ṣì wà lónìí, ó sì ń ran ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò ní àbùkù mìíràn ni wọ́n ń fún. Ẹ kíyè sí i dáadáa: oògùn kan náà, ségesège tí ó jọra lójú wa, ọ̀kan rí ìrànlọ́wọ́, èkejì rí ikú. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi oògùn ọkàn tọrẹ fún aládùúgbò, bí àyà tirẹ̀ tilẹ̀ ń já bí ti yín.

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba àwọn tí ó wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn wa. Àwọn kan wà tí orúkọ wọn máa ń parí sí "lol": propranolol, atenolol, metoprolol. Wọ́n ń dín eré ọkàn kù. Ẹni tí ó ní ásímà tí ó bá yá propranolol lò, èémí rẹ̀ lè há mọ́ ọn lọ́rùn. Bákan náà, ẹni tí ó ti ń lò wọ́n tipẹ́ tí ó bá já wọn sílẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ lè sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ti digoxin gba kí a dúró díẹ̀. Ewé ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí àgbo tiwa. William Withering, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ nípa ìyá àgbàlagbà kan ní Shropshire tí ń fi àgbo ìdílé rẹ̀ wo àwọn tí ara wọn wú. Ewé inú àgbo náà lé ní 20. Withering rí i pé ewé foxglove ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ó fi ọdún 10 ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1785. Ohun tí ó wà nínú ìwé náà jù ni ìkìlọ̀ lórí ìwọ̀n, nítorí pé àlàfo tí ó wà láàrin ìwọ̀n tí ń woni sàn àti ìwọ̀n tí ń ṣeni léṣe kéré púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni digoxin rí títí di òní. Hóró kan lè jẹ́ 0.25 mílígíráàmù, òmíràn 0.125, wọ́n sì lè jọ ara wọn. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ó máa ń kó jọ sínú ara. Bí ẹni tí ń lò ó kò bá lè jẹun mọ́, tí ó ń bì, tàbí tí gbogbo nǹkan ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ìyeyè lójú rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Amiodarone lágbára púpọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn mìíràn ti kùnà. Ṣùgbọ́n iodine pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè da ẹṣẹ́ thyroid tí ó wà lọ́rùn láàmú, ó lè dé ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ènìyàn bá dá a dúró, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àní oṣù, kí ó tó tán lára. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí ara yín tilẹ̀ dá ṣáká. Ẹ má ṣe rò pé owó ni wọ́n ń wá.

Warfarin ni oògùn kẹta tí Ìyá wa fi há orí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn kan ti gbọ́ pé oògùn eku ni, èyí sì dẹ́rù bà wọ́n. Òtítọ́ ni pé wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún eku ní 1948, ní 1954 ni wọ́n sì fọwọ́ sí i fún ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ìwọ̀n ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INR fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀fọ́ wa, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewé ugú, ní vitamin K nínú, èyí tí ń bá iṣẹ́ warfarin jà. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Kí ẹ máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà ni, kí ó má jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí kò sí rárá, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ó kún ìkòkò. Amiodarone a máa mú kí warfarin lágbára sí i. Aspirin àti ibuprofen tí à ń rà fún ara ríro lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Àwọn oògùn tuntun wà báyìí tí kò nílò INR, bí rivaroxaban àti apixaban, wọ́n sì dára fún ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí ọ̀fun dídùn ìgbà èwe ba ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́, ìwádìí INVICTUS tí ó jáde ní 2022, tí ó kó ènìyàn tí ó lé ní 4,500 jọ, fi hàn pé àwọn tí ó lo irú warfarin kò kú tó àwọn tí ó lo rivaroxaban. Tuntun kọ́ ni ó ń dára jù nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ ibà tún kù. Àwọn oògùn ibà kan máa ń fa ìsinmi àárín ìlù ọkàn gùn. Halofantrine, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Halfan, ni ó burú jù nínú wọn, a ti rí èyí ní 1993. Kuníìnì náà ń ṣe é. Lumefantrine tí ó wà nínú Coartem kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo amiodarone tàbí sotalol kò gbọdọ̀ lọ ra á ní kẹ́mísìtì láìsọ fún ẹni tí ń tà á pé oògùn ọkàn wà lára òun. A kò ní kí ẹ má tọ́jú ibà o, ibà náà ń pani. Ẹ sáà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà, ẹ má tijú.

Àwọn kan yóò bi wá pé, ẹni tí a gbàdúrà fún ńkọ́, tí ó gbàgbọ́ pé òun ti rí ìwòsàn? Àwa náà gbàgbọ́ nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá pàápàá, wọ́n ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà. Bí ìwòsàn bá ti dé, ẹ̀rọ ECG yóò rí i. Kí ẹni náà padà lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, kí ó ní, "Ẹ yẹ̀ mí wò," kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lọ títí dókítà yóò fi ní ó tó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé oògùn ní àárọ̀, ẹ má ṣe gbé méjì mì pọ̀ ní alẹ́ láti fi dí i. Bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège bá dákú, tàbí tí àyà ń ro ó, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan rẹ̀ rọ, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀gbọ́n yóò dé láti Èkó. Ẹ wo aago, kí ẹ lè sọ àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ ní ojú ẹsẹ̀.

Ìyá wa ti padà sí oògùn rẹ̀ báyìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 11, ni ó ń ka hóró rẹ̀ fún un ní alaalẹ́, tí ó sì ń fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Nínú àpò owó Ìyá, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n kọ orúkọ oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, ìwọ̀n wọn, àti ọjọ́ tí yóò tún lọ yẹ INR wò. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó kọjá, ó fà á yọ fi hàn wá lẹ́yìn ìsìn. Ọwọ́ òsì ni ó fi fà á yọ.

Ní oṣù tí ń bọ̀, bí Olúwa bá dá ẹ̀mí wa sí, a ó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀fun dídùn àwọn ọmọdé, àti bí ó ṣe ń ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa kí oṣù tó parí.